Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò sáré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ onípákó ni mo fi ń kó èrò sọdá Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì páwà 40 ni mo so mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí mo ti gun iyanrìn, bí mo bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ní kó sáré, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké ni, ọkọ̀ ò ní yára sí i. Mẹkáníìkì ní jíà ti jẹ, ká tú u. Ṣé òótọ́ ni? (Awakọ̀, Lọ́kọ́ja)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú jíà. Pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ lọ, la fura sí. Rọ́bà kan wà nínú rẹ̀, láàárín idẹ tó wọ orí ọ̀pá tó ń yí i àti irin òde tó gbé àwọn abẹ rẹ̀ dání. Bí òkúta tàbí iyanrìn bá dá a dúró lójijì, rọ́bà yìí ló máa yọ̀ kí eyín jíà má baà kán. Tó bá sì ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í di nǹkan mú bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́: ó lè gbé ìrìn jẹ́jẹ́, kò lè gbé eré.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò kó má baà ṣèèṣì ta. Ẹ tú nọ́ọ̀tì àti wáṣà tó bo idẹ náà. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan ṣoṣo láti orí idẹ, kọjá lórí rọ́bà, dé ara irin òde. Tó bá gbẹ, ẹ dì í padà. Ẹ kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ dípò èrò, torí ọkọ̀ òfìfo lè má jẹ́ kó yọ̀, kí ẹ wá sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ tún un tú wò. Bí ìlà bá ti já sí méjì, tí èyí tó wà lórí idẹ ò kọjú sí ti òde mọ́, rọ́bà ló yọ̀.

Bí ìlà bá ṣì gún, ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ga sí. Pẹpẹ pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Tó bá ga jù, afẹ́fẹ́ ni pùròpẹ́là ń fà, pàápàá níbi tí ẹ bá ti ń yí.

Jíà tó ti jẹ máa ń ké “ká-ká-ká”, á sì máa ta kúrò lójú rẹ̀. Kódà nígbà náà, ọ̀pá tí ẹ fi ń ki jíà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ó lè jẹ́ pé kò wọlé tán. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ́ìlì jíà sínú abọ́: irin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ ni àmì pé eyín ti jẹ. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ló ń gba ojú síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí omi, wọlé.

Fún rọ́bà tó yọ̀, ẹ ra pùròpẹ́là míì, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki rọ́bà tuntun. Ẹ má gbà kí wọ́n jó o pọ̀ tàbí kí wọ́n lu bóòtù mọ́ ọn. Iyanrìn tó bá tún kàn án, jíà ló máa kán, owó rẹ̀ sì ju ti rọ́bà lọ fíìfíì. Ẹ fi gírísì pa orí ọ̀pá kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì fi píìnì tuntun de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Èyí tí ẹ ti ká ẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè kán lójú omi.