Ẹ̀rọ àkọ́rà fún dídi ọta 9mm

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ní láti Kubwa lẹ ti ń kó lọ bá ọmọ yín ní Texas, ẹ fẹ́ máa di ọta 9mm yín fúnra yín níbẹ̀, ẹ ò sì mọ ẹ̀rọ tí ẹ máa kọ́kọ́ rà.

Turret oníhò 4 ni kí ẹ rà, ìyẹn ẹ̀rọ ìdi-ọta tí orí rẹ̀ ń yí, tí irinṣẹ́ mẹ́rin sì wà nínú ihò orí náà. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọta kan parí, ojú yín á sì lè tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní progressive yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfà kan ọta kan, àmọ́ iṣẹ́ púpọ̀ ló ń lọ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè bu ẹ̀tù sínú ìkarahun kan lẹ́ẹ̀mejì láì mọ̀. Irú ìyẹn ló ń fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Bí ẹ ò bá ní yìn ju 50 lóṣù, single-stage, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìpele kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ti tó yín.

Ẹ má ṣahun lórí òṣùwọ̀n ẹ̀tù o. Ẹ ra die carbide, irinṣẹ́ onírin líle tí a ń ti ìkarahun bọ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ máa fi òróró pa ìkarahun.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀rọ náà wá sílé, sí Nàìjíríà! Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò fàyè gba kí ará ìlú máa ṣe ọta nínú ilé rẹ̀.