Ìbéèrè Yín: Ìdílé wo ni máìtì inú ìyẹ́ ẹyẹ ti wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹyẹ kan forí gbá fèrèsé, ó kú, ni mo bá na apá rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, mo wá rí àwọn nǹkan tíntìntín tó tò gbọọrọ láàárín fọ́nrán ìyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní iná ni, ẹlòmíì ní irọ́ ni, pé máìtì ìdílé Proctophyllodidae ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pín wọn sí ìdílé, kí sì ni wọ́n ń wò?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi wá. Ọ̀rẹ́ yín ṣì í díẹ̀. Iná ẹyẹ, kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni, àmọ́ máìtì, ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló máa ń ní tó bá dàgbà (èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ní mẹ́fà o, kẹ́ ẹ má lọ kà á kẹ́ ẹ wá pè mí ní onírọ́).

Orúkọ gígùn yẹn, èdè Gíríìkì ni, ìdí àti ewé ni wọ́n so pọ̀, torí akọ Proctophyllodes, ìyẹn irú máìtì tí wọ́n fi sọ ìdílé náà lórúkọ, ní nǹkan pẹlẹbẹ méjì bí ewé nídìí. Trouessart àti Mégnin, ará Faransé, ló dá ìdílé náà sílẹ̀ lọ́dún 1884. Ìdí akọ yìí gan-an làwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, torí àwọn abo jọra ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá jẹ́ abo nìkan lẹ rí, ẹ máa jìyà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a mọ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé náà ń sọ̀rọ̀ o: abẹ́ ìyẹ́ apá ni Proctophyllodes máa ń tò sí, àwọn Trouessartia, irú máìtì inú ìyẹ́ mìíràn, sì máa ń wà lókè rẹ̀, ìyẹ́ kan ṣoṣo lè gba àwọn méjèèjì bí ayálégbé òkè àti ti ìsàlẹ̀. Canestrini, onímọ̀ ará Ítálì, ló fi orúkọ Trouessart pe Trouessartia lọ́dún 1899, ẹni tó ń pín ìdílé fún máìtì náà wá di orúkọ máìtì, ó dùn mọ́ mi!

Ohun tó máa ń dà á rú mọ́ àwọn èèyàn lójú rèé: "máìtì inú ìyẹ́" kì í ṣe orúkọ ìdílé kan, orúkọ ibi tí wọ́n ń gbé ni. Gaud àti Atyeo, àwọn onímọ̀ nípa máìtì, lọ́dún 1996 pín wọn sí agboolé mẹ́ta (agboolé kan máa ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé jọ), Analgoidea, Pterolichoidea àti Freyanoidea, àwọn mìíràn sì da ìkẹta pọ̀ mọ́ ìkejì. Agboolé Analgoidea ni Proctophyllodidae wà, ẹ sì gbọ́ ná, inú agboolé yẹn náà làwọn máìtì eruku orí bẹ́ẹ̀dì wa wà! Lọ́dún 2013 àwọn onímọ̀ méjì, Klimov àti OConnor, fi DNA hàn pé ara ẹranko làwọn baba ńlá àwọn olóríbẹ́ẹ̀dì yìí ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó kúrò.

Ní ti ẹyẹ, wọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èbu àti bakitéríà orí ìyẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ. Tó bá jẹ́ abẹ́ ìyẹ́ lẹ ti rí wọn, ó ṣeé ṣe kẹ́nìkejì yẹn ti gbà á. Ẹ sáà wá akọ kan nínú wọn, kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀.