Kókó ọrùn ọmọ: kí ni síkáànù ń wò níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí kókó kan ti wú sábẹ́ àgbọ̀n ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7. Wọ́n ní ká lọ ṣe síkáànù. Ṣé jẹjẹrẹ ni wọ́n ń wá? Ìyá ọkọ mi ní ká sín gbẹ́rẹ́ sí i kó lè rọ̀. Ìyá kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá, kí abẹ má kan ọrùn ọmọ yẹn. Gbẹ́rẹ́ lè gbé kòkòrò àìsàn wọlé, kókó ọ̀hún á sì tún wú sí i.

Gbogbo wa la ní kókó wọ̀nyí lọ́rùn, lábíyá àti níbi tí itan ti pàdé ikùn. Wọ́n ń sẹ́ omi ara, wọ́n sì ń bá àìsàn jà. Bí eyín ọmọ bá jẹrà, tí ọ̀fun ń dùn ún, tàbí tí lápálápá wà lórí rẹ̀, èyí tó sún mọ́ ibẹ̀ ló máa wú. Irú èyí ló wọ́pọ̀ lára ọmọ ọdún 7, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ẹnu àti orí ọmọ kí n tó gbé ẹ̀rọ lé ọrùn.

Ìró tí etí ò lè gbọ́ ni síkáànù yìí ń lò, kò sí ìtànṣán X-ray nínú rẹ̀. Ọmọ lè jẹun kó tó wá. Kókó tí ara rẹ̀ dá máa ń gùn bí èso ẹ̀wà: ẹ̀bá rẹ̀ dúdú lójú ẹ̀rọ, àárín rẹ̀ funfun. Ọ̀rá ló funfun yẹn, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Òun ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìwọ̀n nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí ń béèrè. Bí fífẹ̀ rẹ̀ ò bá ju mìlímítà 10 lọ, ọkàn wa máa ń balẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ igun àgbọ̀n lè tó 15 láìsí wàhálà. Ìrísí rẹ̀ ni mo kà sí jù. Èyí tó rí roboto, tí funfun àárín rẹ̀ ti pòórá, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, a kì í fojú kékeré wò ó. Bí mélòó kan bá lẹ̀ mọ́ra, tí inú wọn ń di omi, ọkàn wa máa ń lọ sí ikọ́ fée (TB), oògùn sì wà fún un. Síkáànù nìkan kọ́ ló ń dájọ́ o. A lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Bó bá le gbagidi, tó ń tóbi sí i, tàbí tí ọmọ ń rù, tó ń làágùn lóru, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìjàyè tàbí Ìdí-Aba. Ẹ mú gbogbo oògùn tó ti lò dání.