Àbúrò, má tíì padà sójú títì: ohun tí ojúgun mi tó kán fojú mi rí

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní oṣù mẹ́rin rèé tí mọ́tò gbá ìwọ àti máṣíìnì rẹ, wọ́n ti tú píòpì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, o ti ń rìn láìlo ọ̀pá, ṣùgbọ́n bí o bá ti rí mọ́tò tó fẹ́ yà ní ìkóríta, ṣe ni ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. O wá béèrè bóyá kí o ta Boxer rẹ kí o fi ra èyí tó ní bíréèkì onídíìsì níwájú, àti ìgbà tó yẹ kí o padà sójú títì. O ní ọmọ ọdún 24 ni ọ́. Èmi ti lé lógójì, irú ìyà yìí sì ti jẹ mí rí, má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Tíṣà ni mí, ẹ̀gbẹ́ títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ni abúlé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wà. Kìlómítà 65 ni títì yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nígbà tó jẹ́ kòtò lórí kòtò á mọ bí a ṣe gbàdúrà tó kí ìjọba tó ṣe é. Wọ́n ṣe é, ó dán, àwọn onímọ́tò wá ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, mọ́tò Máíkírà kan tó ń bọ̀ níwájú mi ṣàdédé yà sí òsì rẹ̀, ó dábùú mi, ó fẹ́ wọ ọ̀nà oko. Awakọ̀ yẹn wò mí lójú kó tó yà. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò rí mi. Inú ti bí mi sí i fún ọdún kan gbáko kí n tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyí. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. N kò fọwọ́ kan bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń dá táyà iwájú dúró, rárá, torí ọmọkùnrin tó kọ́ mi ní máṣíìnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ti kìlọ̀ fún mi pé bíréèkì ọwọ́ ló ń taari èèyàn gba orí fò. Táyà ẹ̀yìn há, ó pariwo, ìdí máṣíìnì yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú mi sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Máíkírà yẹn. Àyè wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà tí máṣíìnì méjì lè gbà kọjá. N kò wo ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tí mo ń wò ni mo lọ bá. Máṣíìnì wó lé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, ojúgun sì dá sí méjì.

Wọ́n gbé mi dé ọsibítù aládàáni kan. Ẹsẹ̀ mi ti wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ìgúnpá mi, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì ní kí a lọ wá owó káàdì àti owó àsansílẹ̀ kí dókítà tó yọjú. Wákàtí méjì ni mo lò lórí bẹ́ǹṣì! Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014, abala 20, sọ ọ́ gbangba pé ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè da méjèèjì pọ̀ fún un. Kọ ọ́ sínú fóònù rẹ. N kò sọ pé wọ́n á dọ̀bálẹ̀ bí o bá kà á sí wọn létí o, àmọ́ mo ti rí ibi tí ẹnì kan ti fi ohùn líle sọ ọ́ tí dókítà sì jáde. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ọ̀fẹ́ ni pípè é. Èmi ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Inú bí àwọn ẹbí mi, wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń to egungun. Má ṣì mí gbọ́. Mo mọ àwọn tí irú baba bẹ́ẹ̀ tọ́jú tí wọ́n ń gun òkè lónìí. Ti èmi ni mò ń sọ. Ó fi òrí ra ẹsẹ̀ náà, ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, ó wá fi okùn dì í pinpin bí ẹni di ẹrù igi. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán ń wú ni. Ó ń wú nínú ìdè, kò ríbi wú sí, ẹran inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ìrora tó ń ṣe mí kì í ṣe ti egungun mọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n dá iná sínú ẹran ẹsẹ̀ mi. Oògùn ìrora kò ràn án. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sókè díẹ̀, ariwo tí mo ń pa ń jí àwọn ará ilé kejì. Baba ní egungun ló ń wá ibùjókòó rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n ṣe ọkùnrin. Mo ṣe ọkùnrin. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, àwọn ọmọ ìka náà ti tutù bí omi inú fíríìjì, wọ́n ti ń dúdú bí aṣọ aró, wọ́n sì fọwọ́ kàn wọ́n, n kò mọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá kí mi láàárọ̀ yẹn. Kò kí ẹnì kankan. Ó wo ìka ẹsẹ̀ mi, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ, ó sì gé gbogbo okùn náà lójú baba. Wọ́n bú u. Òun ló mú wa lọ sí ọsibítù ńlá, níbi tí wọ́n ti la ẹ̀gbẹ́ ojúgun mi kí ẹran tó wú lè rí àyè. Àpá rẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lọ. Dókítà ní ká ní mo dúró di alẹ́ ni, gígé ni wọn ì bá gé e.

O ti kọjá ibi tí mo ń wí yìí, mo mọ̀. Ẹlòmíràn á kà á. Píòpì tí wọ́n dì le jù ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìrora tó ń le sí i lẹ́yìn oògùn, ìka tó tutù, tó kú tipiri, tó yí àwọ̀ padà: ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ti ọlọ́pàá, n kò fẹ́ sọ púpọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni máṣíìnì mi fi wà ní tèṣọ̀n. Wọ́n gbé pépà kan wá bá mi lórí ibùsùn, pé kí n fọwọ́ sí i pé mi ò ní ẹjọ́ kankan, kí awakọ̀ yẹn fún mi ní 30,000 náírà. Mo fọwọ́ sí i, ara ń ni mí. Owó yẹn kò san owó éksíréè tán. Má fọwọ́ sí ohunkóhun nígbà tí ara bá ń ni ọ́. Kí ẹnì kan nínú ẹbí yín ya fọ́tò pépà ìṣúráǹsì mọ́tò tó gbá yín, torí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní èyí tó ń san nǹkan fún ẹni tí wọ́n bá gbá. Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ti ọkọ̀ àdáni láti 5,000 náírà sí 15,000, ọ̀pọ̀ sì wá ń ra pépà èké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí wọ́n lè kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó gbá mi.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ohunkóhun nípa bí ẹsẹ̀ ṣe ń padà bọ̀ sípò. "Máa rìn díẹ̀díẹ̀," dókítà wí, ó sì pe ẹni tó kàn. Ìyá kan tó ń ṣe físíò, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀yà ara bó ṣe máa padà ṣiṣẹ́, ló sọ fún mi pé kí n fi táwẹ́ẹ̀lì fa iwájú ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi, kí n máa fi ọmọ ìka dúró, kí n máa gun àtẹ̀gùn. Ìwọ náà á ti mọ ìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ mi kán ni mo padà sórí máṣíìnì, torí ó rẹ̀ mí láti máa san owó ọ̀kadà ẹlòmíràn. Ọrùn ẹsẹ̀ mi kò tíì tẹ̀ dáadáa. Ewúrẹ́ kan bọ́ sójú ọ̀nà, mo ní kí n tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ò lọ. Mo ń pàṣẹ fún un, kò gbọ́. Orí ló yọ èmi àti ewúrẹ́. Mo gbé máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo jókòó sórí òkúta, mo sì rí i pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gun nǹkan yìí, bíréèkì kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà ló ti bá ojúgun mi lọ.

Nítorí náà má ka oṣù. Kí éksíréè fi hàn pé egungun ti so pọ̀, kí dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan, kí o ka ení, èjì dé 30. Sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ohunkóhun mú. Gbé máṣíìnì tí kò tan, tẹ̀ ẹ́ sí ìhà ẹsẹ̀ yẹn, kí o wò ó bóyá ẹsẹ̀ lè gbà á dúró. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe nínú wọn ni kí o ṣiṣẹ́ lé lórí. Má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ ibùdókọ̀ fún ọ ní oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní tramadol pé á jẹ́ kí ara rẹ le. Oorun àti òòyì ni wọ́n ń tà fún ọ.

Pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa ni mo ti kọ́ bíréèkì ọwọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn ọmọ tó débẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò! Mo fi òkúta sàmì sílẹ̀, màá wọ jíà kejì, bí mo bá dé ibi òkúta, màá fún bíréèkì ọwọ́. Fífún ni o, bí ẹni fún ọsàn, kì í ṣe gbígbá a mọ́ ọwọ́. Bí o bá rọra bẹ̀rẹ̀, ìwúwo máṣíìnì á sún síwájú, táyà iwájú á tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà náà lo lè wá fún un gan-an. Ẹni tó bá gbá a mú lójijì, tó sì ti yí ọwọ́ máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó wà lórí yanrìn, ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó kọ́ mi yẹn ń ṣẹ sí lára. Lọ́jọ́ kìíní, ìṣísẹ̀ 17 ni mo lò kí n tó dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 9. Má tíì ṣe é pẹ̀lú eré púpọ̀, torí bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí o máa dúró á jìnnà tó ìlọ́po mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ojú. Mo to òkúta méjì, mo fi àlàfo sáàárín, mo ń gbà á kọjá. Ìgbàkigbà tí mo bá wo òkúta, òkúta ni mo ń gùn. Bí mo bá wo àlàfo, máṣíìnì á gba àlàfo. Mo rántí ilẹ̀kùn Máíkírà yẹn, omi bọ́ lójú mi nínú pápá. Fún yíyà kíákíá, bí eré bá ti wọ̀ ọ́ díẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún máṣíìnì síwájú díẹ̀, máṣíìnì á tẹ̀ sọ́tùn-ún, á sì yà síbẹ̀. Ó máa jọ ọ́ lójú bí òdì, gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ìkóríta tó ń bà ọ́ lẹ́rù wá ńkọ́? Má wo ojú awakọ̀ mọ́. Táyà iwájú mọ́tò rẹ̀ ni kí o máa wò, torí òun ló kọ́kọ́ ń sọ òótọ́. Bí o bá ń lọ ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, mítà 11 lò ń jẹ nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà dín eré kù kí o tó débẹ̀, kí ìka méjì ti wà lórí bíréèkì ọwọ́, kí iná iwájú máa tàn lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, àmọ́ ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí o dé lọ́jọ́ náà, jù ú nù, bó tilẹ̀ ń dán. Fóòmù inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gba ìyà fún orí. O ṣì kéré ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń gun máṣíìnì nítorí rẹ̀, tí àwọn kan fi igbá àti ike ọ̀dà dé orí kọjá lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó ń dé e láìde okùn àgbọ̀n lónìí, igbá náà ni wọ́n dé. Ní kí mẹkáníìkì wo fọ́ọ̀kì iwájú rẹ pẹ̀lú, irin méjì tó di táyà iwájú mú. Bó bá ní òun á fi iná tọ́ ọ, yí padà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ìbéèrè rẹ. Má tíì ta Boxer yẹn. Bíréèkì onídíìsì dára, pàápàá nínú òjò, àmọ́ ó ń há kíákíá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún un. Fi tìrẹ tó wà ńlẹ̀ kọ́ ná, ní kí wọ́n pààrọ̀ bíréèkì ṣúù rẹ̀ kí wọ́n sì fún wáyà rẹ̀.

Ẹsẹ̀ wo ló tilẹ̀ kán? O kò sọ. Bó bá jẹ́ ti òsì, jíà lo máa bá wọ̀jà, kì í ṣe bíréèkì, o lè fo ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn.