Kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí Bodegraven, ọkọ̀ ẹrù tó kó àwọn ọmọ Júù sá kúrò ní Hólándì?

Wọ́n rì í lọ́jọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1944. U-547, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì, ló fi tọ̀pídò (bọ́ǹbù tó ń gba inú omi) fọ́ ọ ní etíkun Làìbéríà, ẹ̀mí sì bá a lọ.

1929 ni wọ́n kàn án fún KNSM, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Amsterdam. Ọkọ̀ ẹrù lásán ni, kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọdún 1940. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni bọ́ǹbù Jámánì run àárín ìlú Rotterdam, tí Hólándì sì túúbá. Arábìnrin Truus Wijsmuller, tó ti ń gba àwọn ọmọ Júù sílẹ̀ lọ́wọ́ Násì láti ọdún 1938, kó àwọn ọmọ tó lé ní 70 sínú bọ́ọ̀sì láti ilé ọmọ aláìlóbìí kan ní Amsterdam, ó di èbúté IJmuiden. Bodegraven wà níbẹ̀, ó ti fẹ́ ṣí. Truus rí i pé àwọn ọmọ náà wọlé, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò bá wọn lọ. Akin obìnrin gidi ni lójú tèmi.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà tí bàálù Jámánì fi rọ̀jò ìbọn lé wọn lórí. Síbẹ̀ wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò tún fojú kan òbí wọn mọ́.