Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ìwé Ọjà Máa Ṣírò Ara Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ìpápánu àti ọṣẹ ni mò ń tà n'Íbàdàn. Lálaalẹ́, àwọn ọmọ tó ń bá mi tajà á ṣí Google Sheets lórí fóònù, wọ́n á pa iye àná rẹ́, wọ́n á kọ tòní. Iye inú ìwé kì í bá ti orí pẹpẹ mu. Ṣé ó sì lè máa fi ímeèlì ta mí lólobó bí ọjà bá fẹ́ tán?

Ìdáhùn: Pípa iye àná rẹ́ yẹn gan-an ló ń dà yín láàmú. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n tà á ni, bóyá ó bàjẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣì í tẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kọ iye tó kù mọ́. Ohun tó wọlé àtohun tó jáde ni kí wọ́n máa kọ.

Ẹ ṣí táàbù méjì, Akosile àti Oja, láìfi àmì sórí orúkọ wọn. Òpó mẹ́rin ni Akosile ní: ọjọ́, ọjà, iye, ẹni tó kọ ọ́. Ẹyọ ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe páálí: ọṣẹ 24 wọlé, ẹ kọ 24, ẹ ta mẹ́ta, ẹ kọ -3. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Nínú Oja, A ni orúkọ ọjà, C ni iye tó bá kù tí ẹ gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Ní B2, ẹ kọ:

`=SUMIF(Akosile!B:B,A2,Akosile!C:C)`

kí ẹ fà á wálẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ "Ose", tí èkejì kọ "Ose " pẹ̀lú àlàfo lẹ́yìn, fọ́múlà á fo ọ̀kan. Nítorí náà, ní òpó B ti Akosile, ẹ lo Data validation, Dropdown (from a range), `Oja!A2:A`, kí ẹ sì yan Reject the input. Ẹ fi Protect sheet ti Oja pa.

Ti ímeèlì, orí kọ̀ǹpútà ni: Extensions, Apps Script. Ẹ lẹ kóòdù yìí síbẹ̀, kí ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì yín rọ́pò IMEELI YIN.

```
function ranse() {
  const r = SpreadsheetApp.getActive().getSheetByName("Oja")
    .getDataRange().getValues().slice(1)
    .filter(x => x[0] && x[1] <= x[2]);
  if (r.length) MailApp.sendEmail("IMEELI YIN", "Oja fe tan",
    r.map(x => x[0] + ": " + x[1]).join("\n"));
}
```

Ẹ tẹ Run lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un láṣẹ. Google lè kìlọ̀ pé òun kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ tẹ Advanced kí ẹ tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà, Triggers, Time-driven, Day timer, 7am to 8am. Kò ní dé ní agogo méje géérégé. Ìṣẹ́jú èyíkéyìí láàárín wákàtí yẹn ni. Ẹ wo Project Settings kí àkókò ibẹ̀ jẹ́ ti Lagos.

Ìbéèrè: Mo tẹ 03/04/2025 fún ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, Sheets kà á sí oṣù kẹta. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ti Amẹ́ríkà ni Locale yín, ìyẹn ètò tó ń sọ bí Sheets ṣe ń ka ọjọ́. Ẹ lọ sí File, Settings, kí ẹ yan United Kingdom. Ìyẹn ò ní tún èyí tó ti wọlé ṣe o. Ọjọ́ bíi 25/04 á ti di ọ̀rọ̀ lásán, á fara ti apá òsì àpótí; ẹ tún un tẹ̀. Àwọn tí ọjọ́ wọn kò ju 12 lọ ló léwu jù, torí wọ́n yí padà láìsọ fúnni. Ní òpó òfìfo, fún irú ìyẹn nìkan, ẹ lo `=DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2))`, kí ẹ wá fi Ctrl+Shift+V lẹ èsì rẹ̀ padà sí A.