Nípa naltrexone àti iye ọjọ́ tí àbúrò yín gbọ́dọ̀ fi dúró

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà àbúrò yín. Ẹ ní ọdún mẹ́ta ló ti fi ń lo tramadol, pé dókítà ti dín in kù fún un títí ó fi kù díẹ̀, pé naltrexone, oògùn tí kì í jẹ́ kí tramadol ṣiṣẹ́ lára, ni yóò máa lò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n tí ìyá yín ń sọ pé oògùn ni wọ́n tún fẹ́ fi pààrọ̀ oògùn. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ó kúkú bẹ̀rẹ̀ naltrexone náà lónìí kí gbogbo rẹ̀ lè tètè parí. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn: rárá o, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ojú mi ti rí ohun tó wà níbẹ̀.

Awakọ̀ ni mí. Ọdún méje ni mo fi wa bọ́ọ̀sì láti Old Garage ní Òṣogbo sí Èkó, tí mo sì ń padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Hóró kan tí awakọ̀ ẹgbẹ́ mi fún mi pé kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn dùn mí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, hóró mẹ́fà oní-225 mílígíráàmù ni mò ń gbé mì lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ oní-50 àti oní-100 ni NAFDAC fọwọ́ sí, àwọn dókítà kì í sì í jẹ́ kí àgbàlagbà kọjá 400 mílígíráàmù lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gìrì gbé mi, tí àwọn ará ilé ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Tramadol ni. Tí ó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì, kódà fún ẹni tí kò ní wárápá rí.

Nígbà tí mo gbà láti lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, dókítà kò já a gbà lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń dín in kù, nítorí pé yàtọ̀ sí ara ríro tí gbogbo èèyàn mọ̀, àwọn mìíràn wà tí ìpayà máa ń bá tí wọ́n bá já tramadol lójijì, tí wọn yóò sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láti mọ bí ẹ̀dọ̀ mi ti rí, ó sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ tí mo bá ti gbé hóró ìkẹyìn mì, kí n ka ọjọ́ méje sí mẹ́wàá láìfi tramadol, kodéìnì tàbí ohun mìíràn tó bá wọn tan kan ẹnu, kí n tó fọwọ́ kan naltrexone.

Mo ka ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò kà á pé. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ara ń ro mí, oorun kọ̀, mo sì gbé hóró méjì mì nínú èyí tí mo fi pamọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo dé iwájú dókítà, mo ní ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, kò fi nǹkan kan hàn, nítorí pé àyẹ̀wò ìtọ̀ tó wọ́pọ̀, èyí tó ń mú hẹroíìnì, kì í sábà mú tramadol. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ọkùnrin náà gbẹ́kẹ̀ lé tó fi fún mi ní ìdajì hóró, ìyẹn mílígíráàmù 25. Mo wọ Márúwá lọ sílé. A kò tíì kọjá Ọláìyá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra, tí imú àti ojú mi ń da omi, tí irun ara mi dìde bíi ti ẹni tí ọyẹ́ mú, kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó dé pọ̀. Onímárúwá rò pé májèlé ni mo jẹ. Ọjọ́ kejì ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi sí mi lára.

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà nìyí, mo sì fi ọ̀rọ̀ gáréèjì gbé e. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí tramadol máa ń dúró sí láti ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ tí tọ́ọ̀nù kàn ṣe máa ń dúró gbé èrò. Naltrexone máa ń ti ọkọ̀ tó bá bá níbẹ̀ kúrò, yóò dúró síbẹ̀, kò ní gbé èrò kankan, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé. Tí ó bá bá tramadol níbẹ̀, ìyà tí ì bá fi ọjọ́ púpọ̀ jẹ ara yóò dé láàárín wákàtí kan.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìyá yín, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn, kò fi bá naltrexone mu. Kì í pa èèyàn bí ọtí, kì í mú ara yá gágá, n kò sì tíì rí ẹni tó ń tà á ní gáréèjì. Methadone àti buprenorphine, oògùn méjì mìíràn tí dókítà fi ń tọ́jú ẹni tí irú oògùn yìí ti di bárakú fún, ni èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn, nítorí pé àwọn méjèèjì wà nínú ẹbí kan náà pẹ̀lú tramadol: methadone ń gbé èrò ṣùgbọ́n kì í sáré, buprenorphine kì í gbé ju ìwọ̀nba lọ bó ti wù kí wọ́n fi kún un tó. Síbẹ̀, láti 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi àwọn méjèèjì sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan, nítorí pé ẹni tó ń lò wọ́n lábẹ́ dókítà lè sùn, kó jí, kó lọ síbi iṣẹ́, ewu ikú rẹ̀ sì dín kù púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú ni mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Awakọ̀ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n tì mọ́ ilé fún oṣù kan gbáko kí ó lè gbàgbé oògùn, láìsí ìtọ́jú kankan. Gbogbo ẹbí dúpẹ́ nígbà tó jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló tún lò, kò sì jí. Ara tó ti sinmi kò lè gba ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ewu yìí kan náà wà fún ẹni tó bá ṣíwọ́ naltrexone lójijì tó sì padà sídìí tramadol, àti fún ẹni tó bá ń gbé hóró púpọ̀ mì láti fi borí naltrexone. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí naltrexone náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ló ń fún mi ní hóró kan láràárọ̀, yóò sì ní kí n la ẹnu. Ó bí mi nínú fún bí oṣù méjì, ṣùgbọ́n ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni a fi ṣe é. Kí àbúrò yín sì ní ìwé kékeré kan nínú àpò pé naltrexone lòún ń lò, nítorí pé tí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, abẹ́rẹ́ ìrora tó bá bá tramadol tan kò ní ràn án bó ṣe yẹ.

Kí wọ́n tó fún un ní ìdajì hóró àkọ́kọ́ yẹn, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, níbi tí ìyá yín kò sí, kí ẹ bi í ní ọjọ́ àti wákàtí tó gbé èyí tó kẹ́yìn mì, kí ẹ sì ṣèlérí fún un pé ẹ kò ní bínú sí ìdáhùn tó bá fún yín. Tó bá jẹ́ àná ni, kí dókítà sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ tún bi í léèrè ibi tí ìyókù wà. Ìyàwó mi tú gbogbo yàrá wa, kò rí nǹkan kan. Abẹ́ àga awakọ̀ ni mo fi tèmi pamọ́ sí.